Orúnkún Tí Kuwabara Fi Pamọ́

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ti Kuwabara kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí orúnkún ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, tó jẹ́ pé ògiri ló fi ń dìde láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i níbi ìjàkadì sumo ti ilẹ̀ Japan, ẹsẹ̀ òsì, tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ló máa ń lẹ téèpù onírọ́bà mọ́.

Ọgbọ́n ló pè é. Ẹni tó bá lẹ téèpù mọ́ ibi tó ń dùn ún ti fi ìka júwe ara rẹ̀ fún ọ̀tá. Kò sì fi ọgbọ́n ọ̀hún ṣahun. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìjàkadì mìíràn wá bá wọn ṣe ìdánrawò lọ́dún kan, ó rí ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Onodera tó ń tiro, ó sì fà á sí kọ̀rọ̀.

“Àbúrò, èyí tó yá gágá ni kó o máa lẹ̀. Èyí tó ń dùn ẹ́, gbé e mì.”

Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó pín ogún fún ọmọ.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ báyìí. Ìdíje ti fẹ́ parí, iye ìgbà tí Kuwabara borí àti iye ìgbà tó ṣubú dọ́gba, ó sì ku ìjà kan. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bò: bó bá ṣubú, wọn yóò gé òṣù orí rẹ̀ tó fi hàn pé oníjàkadì ni, kó padà sí Akita, ìlú rẹ̀, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí epo ọkọ̀ tó ń tà. Kò fẹ́ lọ. Láti kékeré ló ti wà nílé ìjàkadì yẹn, òun ló ń se ọbẹ̀ chanko tí gbogbo wọn ń jẹ, kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń gbé ayé. Ta sì ni wọ́n ní kó bá jà? Onodera.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjà, ó lọ sọ́dọ̀ Màmá Fusae, tó ń to eegun lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.

“Màmá, òsì náà ni o.”

“Kí ni òsì ṣe? Ebi ń pa ọmọ ẹ, o ń gbé abọ́ fún ọmọ aládùúgbò!”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá rí i—”

“Kí wọ́n rí i. Orí kunkun ẹ yìí, àfi kí n lẹ téèpù mọ́ òun náà. Kuwabara, bó bá jẹ́ pé òní lo máa bọ́ bàǹtẹ́ yẹn sílẹ̀, ṣé o ò ní fi ẹsẹ̀ tó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn jà lẹ́ẹ̀kan péré ni?”

Kuwabara na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí i.

“Ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó ń dùn mí.”

Màmá ní kó ká orúnkún. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé igun téèpù róbótó kí etí rẹ̀ má baà ṣí, ó lẹ ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kìíní, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò fà á le. Ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á títí ó fi móoru tó sì mú awọ dáadáa.

“Kò ní wò ó sàn o. Á kàn bá ẹ gbé díẹ̀ níbẹ̀ ni.”

Kuwabara dìde láìwá ògiri. Omi lé sí i lójú. Màmá Fusae bẹ̀rẹ̀ sí í wá sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àárọ̀ ni àwọn tí ipò wọn kéré ń jà, àga fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Onodera gorí òkìtì amọ̀ tí wọ́n ti ń jà, téèpù wà lẹ́sẹ̀ òsì rẹ̀. Kuwabara mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀tún ló ń dùn ún. Onodera náà wo ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́ ọ lọ́gbọ́n, ó rí téèpù lọ́tùn-ún, ó sì mi orí díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọlu ara wọn báyìí ni Onodera bẹ̀rẹ̀, ó fi gbogbo agbára gbá ẹsẹ̀ òsì Kuwabara mú. Òsì ọ̀hún kò mì, ṣebí ara rẹ̀ le. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Onodera wá wà níwájú Kuwabara gbangba, ó ń gbọ̀n. Bó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Ọkàn rẹ̀ sì fẹ́ ẹ, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ó mọ bó ṣe ń dùn tó, àánú ọmọ náà ṣe é. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e ní èjìká, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀ títí àyà ọmọ náà fi kan amọ̀. Kuwabara ti borí.

Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Onodera tiro bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe mí yìí? Ọ̀tún lẹ lẹ̀, mo bá kọlu òsì.”

“Ọ̀tún náà ló ń dùn mí.”

Onodera la ẹnu sílẹ̀. “Ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó ń dùn yín? Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dàlẹ̀ ni yín!”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, àwọn èrò ń wò wọ́n. Àfi bí ẹ̀rín Onodera ṣe dáwọ́ dúró.

“Ọ̀tún tèmi yìí, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kọ́ mi, mi ò fi téèpù kàn án rí. Mò ń gbé e mì ni.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kuwabara lákínyẹmí ara. Ọkọ̀ wọn dé, ó ṣílẹ̀kùn. Kuwabara gba àpò lọ́wọ́ ọmọ náà.

“Jẹ́ kí ọkọ̀ yìí lọ. Màmá kan wà lẹ́yìn ibí tó máa bú ẹ dáadáa.”

Ó fún un ní èjìká kó fara tì. Wọ́n jọ ń tiro lọ lójú gbogbo èrò, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan náà, wọn kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.