Ìyẹ̀fun Tó Lọ Sí Ìsàlẹ̀ Omi

Oòrùn ti ń wọ̀ lọ nígbà tí Ìyá Ìbejì rí èbúté lókèèrè láti inú ọkọ̀ ìgbòkun wọn, ọkàn rẹ̀ sì já, nítorí òpó ìgbòkun tó dúró síbẹ̀ pọ̀ bí igbó. Ibi tí òpó bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àyè kì í sí níbẹ̀ fún ẹni tó pẹ́ dé. Afẹ́fẹ́ ló já wọn kulẹ̀. Ó fẹ́ díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún fẹ́ díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun òkè.

Ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ọkọ̀ náà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Okùn ìgbòkun ló lọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́ lọ́sàn-án. Ọwọ́ náà wú débi pé òrùka ìgbéyàwó kò fẹ́ jáde mọ́. Bàbá Ìbejì fi ọṣẹ sí i, ó tún fi ọṣẹ sí i, títí òrùka fi bọ́. Ìgbà tó bọ́ tán ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ìyá Ìbejì, a ti dàgbà. Bí a bá fi lè pe ọkọ̀ tí ń wọ́ ọkọ̀ nírọ̀lẹ́ òní, mo ti ta ọkọ̀ yìí nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ wá wò ó ní èbúté lọ́la."

"Bí a kò bá wá pè é ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò gbé e gúnlẹ̀? Èmi pẹ̀lú ọwọ́ yìí?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ náà, òun ló ń gbé e gúnlẹ̀, ariwo ló sì fi ń gbé e gúnlẹ̀. Iṣẹ́ Ìyá Ìbejì ni kí ó máa fi okùn sáré sókè sódò, kí ó sì máa gba ìbáwí. Ó fara dà á, nítorí inú ọkọ̀ yìí nìkan ni ó ti ń sùn tí ilẹ̀ fi ń mọ́. Búrẹ́dì ni ó ń ṣe tà nílé, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì kì í sì í dúró de àkùkọ kó tó jí. Òun ló ń jí àkùkọ. Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ yìí, oorun rẹ̀ ni wọ́n tà.

Ó tan ẹ́ńjìnnì kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju ti ìgúnlẹ̀ lọ, ó sì di ọ̀pá ìtọ́kọ̀ mú. "Ó dáa. Èmi ni n ó gbé e gúnlẹ̀."

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ èbúté jáde sórí ògiri òkúta tó yí èbúté ká, ó ti ń ju ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n tó sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ má bínú o! Ibí ti kún, abẹ́rẹ́ kò ráyè wọlé!"

"Ká so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Wọ́n ti so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, Màmá! Ẹ lọ ju ìdákọ̀ró sí ẹ̀yìn ògiri lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n òkúta ló pọ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀ o. Amọ̀ wà níbì kan, n kò kàn mọ ibi tó wà gan-an. Àbí kí n pe ọkọ̀ tí yóò wọ́ yín lọ sí èbúté kejì?"

"Pè é!" ni Bàbá Ìbejì wí.

"Má pè é o, ọmọ mi!" ni Ìyá Ìbejì wí, ó sì yí ọkọ̀ padà.

Ìdákọ̀ró kì í di òkúta mú. Ńṣe ni ó máa ń yọ̀ gẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Amọ̀ ni ó máa ń gé jẹ, tí kì í sì í fi sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ni pé wọ́n ní òjé kan tí a so mọ́ okùn gígùn, tó ní ihò kékeré nídìí. Wọn a fi ọṣẹ dí ihò náà, wọn a sọ òjé sómi, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ a sì lẹ̀ mọ́ ọṣẹ wá sókè. Ìyá Ìbejì gbé òjé, ó na ọwọ́ sí abọ́ ọṣẹ. Abọ́ ṣófo.

"Bàbá Ìbejì, ọṣẹ dà?"

Ọkọ rẹ̀ fọwọ́ kan àpò tí òrùka wà. "Ó ti bá òrùka lọ."

"Odidi ọṣẹ?"

"Àbí o kò rí ọwọ́ tó wú ni? Jọ̀ọ́, jẹ́ ká pe ọkọ̀ náà. Ilẹ̀ ń ṣú."

Ìyá Ìbejì mú òjé dání. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìdáná kékeré tó wà nínú ọkọ̀, níbi tí ìyẹ̀fun tó ti pò fún búrẹ́dì ọjọ́ kejì ti ń wú lábẹ́ aṣọ funfun. Ó já díẹ̀ níbẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò òjé.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń bi ilẹ̀ ní ìbéèrè."

"Pẹ̀lú ìyẹ̀fun? Ẹja lo fẹ́ bọ́!"

"Bí ẹja bá yó, kò kúkú ní pariwo mọ́ mi."

Ó sọ òjé sómi. Nígbà tó fà á sókè, ìyẹ̀fun ti tẹ̀ wọnú, kò sí ohun kan lára rẹ̀. Òkúta. Ó wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó tún un sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àfọ́kù ìkarahun lẹ̀ mọ́ ọn.

"A ti ń sún mọ́ ilé," ló wí.

Bàbá Ìbejì ti dìde, ó ti na ọrùn. Ìyá Ìbejì tún fi ìyẹ̀fun tuntun sí i, ó sọ ọ́. Òjé rì wọ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó fà á, ilẹ̀ kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìyẹ̀fun jáde ní dúdú, ó ń dán. Ó fi ìka méjì rọ́ ọ, bó ṣe máa ń rọ́ ìyẹ̀fun tirẹ̀ láràárọ̀.

"Amọ̀ ni," ló wí. "Ó sì pò dáadáa."

Ó sáré lọ síwájú ọkọ̀, ó sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀, ó sì tú ṣéènì tẹ̀ lé e láìṣahun.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi ọwọ́ òsì ti ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn! Ẹ rọra! Mo ní ẹ rọra!"

"Má pariwo mọ́ mi!"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi!"

Ṣéènì nà, ó le gbagidi. Ìyá Ìbejì dojú kọ èbúté. Ó ti rí ilé funfun kan tó tan iná, tí igi kan dúró gangan níwájú rẹ̀. Bí ìdákọ̀ró bá ń yọ̀, igi á kúrò níwájú ilé. Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó wo igi, ó wo ilé. Igi kò kúrò.

"Ẹ pa á!" ló kígbe, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó fọwọ́ lẹ́rán lọ́sàn-án wá kó gbogbo agbára rẹ̀ dé lóru. Ìyá Ìbejì gbọ́ ọ nínú oorun, ó yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ohùn ọkùnrin tó ń ṣọ́ èbúté ló tún gbọ́. Oòrùn ti wọlé dé orí ibùsùn. Ọkùnrin náà ti wa ọkọ̀ kékeré wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Bàbá, ẹ mà gbówọ́ o! Afẹ́fẹ́ gbá ọkọ̀ méjì tó sùn síbí lọ sórí iyanrìn, ẹ̀yin ò tilẹ̀ mì. Báwo lẹ ṣe rí amọ̀ yẹn?"

"Má kí mi. Èmi kọ́ ni mo wà á." Òórùn búrẹ́dì tó ti fẹ́ jóná ń ti ilé ìdáná bọ̀, Bàbá Ìbejì ti ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo yan ìyókù ìyẹ̀fun. "Ọkùnrin kan yóò wá sí ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yìí, pé òun fẹ́ ra ọkọ̀. Bá mi sọ fún un pé ọ̀gá ọkọ̀ ò tà."

"Ọ̀gá ọkọ̀ dà?"

"Ó ń sùn. Rọra sọ̀rọ̀, o ò gbọdọ̀ jí i."

Ìyá Ìbejì fa aṣọ borí, ó sì padà sùn.