Ààwẹ̀ Nọ́ńbà Mẹ́tàlélógún

Mo máa ń tètè bínú, mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tí kò wọ ìbọ̀wọ́ kan abọ́ mi ní láàbù, ibi tá a ti ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ó máa gbọ́ ohun tí ìyá ẹ̀ ò sọ sí i rí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tó para pọ̀ di ara èèyàn, ojú lásán ò lè rí wọn. A máa ń yọ wọ́n látinú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, a ó sì máa sìn wọ́n nínú abọ́ pẹlẹbẹ bí ẹni ń sin adìyẹ. Èmi ni mò ń bu omi oúnjẹ fún wọn, omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, ni wọ́n bá sọ mí ní Màmá Olóúnjẹ. Ọ̀gá wa pàápàá, Dókítà, obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, ohun tó ń pè mí nìyẹn.

Dókítà ti ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún mi títí ó fi yé mi. Ó ní sẹ́ẹ̀lì kì í dá nǹkan ṣe, wọ́n máa ń ránṣẹ́ síra wọn ni. Iṣẹ́ á dé ẹnu ọ̀nà, ìránṣẹ́ kan á gbà á, á sọ ọ́ fún èkejì, èkejì á sọ ọ́ fún ẹ̀kẹta, títí á fi dé àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì: "Ó yá, dàgbà. Ó yá, pín sí méjì." Tí wọ́n bá jíṣẹ́ tán, gbogbo wọn á dákẹ́. Àmọ́ nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ yẹn á ya wèrè. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́, òun á ṣáà máa pariwo, "Ẹ dàgbà! Ẹ dàgbà!" tọ̀sán-tòru, sẹ́ẹ̀lì á sì máa pọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi bàjẹ́. Àwọn oògùn tí wọ́n ń ṣe láyé ìsinsìnyí kì í torí wèrè kan pa gbogbo ará ilé. Ẹnu wèrè yẹn nìkan ni wọ́n ń dí.

Àìsàn yìí gan-an ló ń ṣe àbúrò mi. Aránṣọ ni, ẹnu ẹ̀ sì ń gún èèyàn ju iṣẹ́ ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé wa fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́rin ló fi lo oògùn àkọ́kọ́, ara ẹ̀ le koko. Lọ́dún yìí ni ìránṣẹ́ burúkú yẹn pa ojú dà, oògùn ò rí ẹnu ẹ̀ dí mọ́, ni àbúrò mi bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Oògùn tuntun kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò, tó ń gba ẹ̀yìn mú wèrè náà dípò kó kọjú sí i. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún. Wọ́n á kọ́kọ́ dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì onítọ̀hún ní láàbù wa. Bí ariwo bá dákẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó máa lò ó. Bí kò bá dákẹ́, ó di kó máa lọ sílé. Aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa pa ìwé náà dé.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa kì í ní orúkọ, nọ́ńbà ló ń ní. Òfin sì wà: tó o bá mọ̀ pé ti ẹbí ẹ ni, fẹnu sọ, kí ẹlòmíì gbà á lọ́wọ́ ẹ. Ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé Abẹ́rẹ́ lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìgò kan ṣoṣo ló dé láàbù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún. Mo mọ̀. Mo panu mọ́. Mo ní ta ló máa tọ́jú ẹ̀ tó mi?

Ọjọ́ kan wà tí Màmá Olóúnjẹ kì í bu oúnjẹ. Tí àyẹ̀wò bá ku ọ̀la, a máa ń fi ebi pa àwọn sẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ yẹn fúnra ẹ̀ ló kún fún iṣẹ́ tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dàgbà. Tí wọ́n bá yó, gbogbo ìránṣẹ́ inú wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, o ò ní mọ ohùn wèrè yàtọ̀. Nítorí náà, a ó da oúnjẹ nù, a ó fi omi tí kò ní nǹkan gidi nínú rọ́pò ẹ̀. Ààwẹ̀ là ń pè é. Àìmọye ìgbà ni mo ti ṣe é láìbojúwẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo fi gbogbo wọn sínú ààwẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, mo yà wo Abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó gbé oúnjẹ síwájú, ó fi ṣíbí rò ó lọ rò ó bọ̀, ó ní òun ti yó. Kò tíì fi kan ẹnu! Mo bínú, mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo padà sí láàbù, mo wo nọ́ńbà mẹ́tàlélógún nínú awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n ti sún kì. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan, mo bá bu oúnjẹ sí i. Díẹ̀ ni o. Mo ní àbúrò mi ò ní febi sùn níbi méjì lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ máa pè mí ní òmùgọ̀. Mo ti pe ara mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Dókítà ṣe àyẹ̀wò. Oògùn pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún nìkan ló ń pariwo bíi pé wọn ò fún un ní nǹkan kan. Dókítà mirí, ó kọ ọ́ sínú ìwé: "Kò gbọ́ oògùn." Mi ò jẹ́wọ́; bí iṣẹ́ ṣe parí, mo sáré gba ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́ lọ.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìwòsàn pè mí. Wọ́n ní oògùn yẹn ò ní ṣiṣẹ́ fún mi."

Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó nawọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Jẹjẹrẹ tó fẹ́ pa mí lẹ bu oúnjẹ fún?"

"Mo rò pé ìwọ ni."

"Èmi bí? Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé! Èmi tí mo jókòó síbí! Àwọn tẹ́ ẹ bu oúnjẹ fún yẹn, ọ̀tá mi ni wọ́n!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó nu ojú. "Igún ṣoore, ó pá lórí. Àmọ́ orí tiyín kọ́ ló pá o, orí tèmi ni." Nígbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. "Ẹ lọ sọ fún ọ̀gá yín."

"Wọ́n á lé mi."

"Kí wọ́n lé yín! Ẹ máa wá bá mi rán bọ́tìnì. Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kú. Ẹ lọ sọ."

Látìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ rí. Yẹ̀yẹ́ ló máa ń fi gbogbo ẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé iwájú Dókítà láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí ó tó gbé báàgì èjìká ẹ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹbí mi ni, pé mo mọ̀, pé mo bu oúnjẹ sí i. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde.

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá dáa fún mi. Ó ní, "Màmá, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Ìdí tí òfin yẹn fi wà nìyẹn. Ẹlòmíì ì bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀, tàbí kó má sọ ọ́ rárá." Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ mi. Ó ní oṣù mẹ́ta ni mi ò ní wọ ibẹ̀, ìgò ni kí n lọ máa fọ̀. Mo ní ó dáa. Mo bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì kù. Ó ṣí ìwé, ó ní ìgò kékeré kan ṣoṣo tí wọ́n bù pamọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ náà ló kù nínú firísà, tí ìyẹn bá bàjẹ́, ó parí. Ó pe ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n má tíì yọ nọ́ńbà náà kúrò.

Òun fúnra ẹ̀ ló yọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó bu oúnjẹ fún un, ó fi í sínú ààwẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Èmi ń fọ ìgò. Ìgò tí mo fọ̀ lọ́jọ́ méjì yẹn, láàbù mẹ́ta ló lè lò ó! Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ìlẹ̀kùn, màá yíjú wò. Ẹ̀rù ń bà mí pé oúnjẹ kọ́ ló fà á, pé oògùn yẹn ò ní ṣiṣẹ́ fún un lóòótọ́, pé mo ti fi ọ̀rọ̀ mi mú un tún gbójú lé nǹkan tí kò sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Dókítà yọrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú ẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ojú àwọn onímọ̀ kì í sọ nǹkan kan, ó máa ń mú mi bínú. "Màmá, ẹ wá wò ó."

Àwòrán kan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ibi tí ariwo bá wà, ilà dúdú á wà níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún tí kò rí oògùn, ilà dúdú kírikíri. Mo fi ìka tọ ọ́ lọ síbi èyí tó rí oògùn. Funfun ni. Mo gbé gíláàsì ojú mi sókè, mo tún gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Ó dákẹ́?"

"Ó dákẹ́ pátá. Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ó máa bẹ̀rẹ̀ oògùn ní Mọ́ńdè. Mi ò lè ṣèlérí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún márùn-ún, Màmá. Àmọ́ ó ní ọ̀nà báyìí."

Dókítà ló bá mi tẹ fóònù. Abẹ́rẹ́ gbé e lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún un. Àbúrò mi tí kì í panu mọ́ níwájú òkú, kò fọhùn!

"Hẹ́lò? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́." Ohùn ẹ̀ dà bíi ti ọmọdé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ ọ́, mò ń pariwo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn èèyàn ń yọjú láti yàrá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó ní kí n dákẹ́.