Òkúta Tí Wọ́n Kọ Nọ́ńbà Sí

Ilé òkúta kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Àlàájà Shakirat ti ń lọ ata ní Mushin, létí gọ́tà ńlá. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Inú rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta ń gbé. Bí òjò bá fi lè kan ẹ́ńjìnnì yẹn pẹ́nrẹ́n, gbogbo àdúgbò ti padà sídìí ọlọ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Benjamin, ọ̀gá ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, kó àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú ìwé olóǹtẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ilé náà ti di ohun ìtàn, pé àwọn máa tú u, àwọn á lọ tún un tò sí Ìkòyí.

"Omi yìí ló ń yí ẹ̀rọ yín láyé àtijọ́, Màmá."

Àlàájà wo gọ́tà. "Omi tí ò lè gbé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kúrò lójú kan?"

"Ó wà nínú ìwé wa, mà."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Àwa náà ni."

"Ẹ́ńjìnnì mi ńkọ́? Òjò ti ṣú."

"A máa kọ lẹ́tà sí yín lórí ìyẹn."

Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n tú ilé, wọ́n tò wọ́n síwájú ẹ̀rọ láti oókan dé ọgọ́fà. Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìdó.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́, àwọn tó fẹ́ lọ ata dé. Abọ́ ni wọ́n máa ń fi tò sórí ìlà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n á sì máa jà. Caroline télọ̀ rí nọ́ńbà nílẹ̀.

"Àlàájà ti ń ṣe bíi báńkì. Ó kúkú dáa." Ó gbé òkúta kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀.

Ni oníkálukú bá ń gbé tirẹ̀. Àlàájà ò bá ẹnì kankan wí. Ó kàn ránṣẹ́ pe Yẹ̀kínnì bíríkìlà, ó wá ní, "Ẹni tó bá ti lọ tirẹ̀ tán, kó gbé òkúta fún Yẹ̀kínnì kó tó máa lọ."

Nígbà tí Benjamin gbé ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ilé ti dúró, ẹ́ńjìnnì ń ké nínú rẹ̀. Òkúta kẹtàdínláàádọ́ta jókòó lórí ẹ̀kẹta, àkọ́kọ́ wà lókè lábẹ́ páànù. Benjamin yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Màmá, ta ló tò ó báyìí?"

"Bàbá bàbá mi. Wo ìwé yín."

Benjamin ronú ohun tó máa kọ ránṣẹ́ sọ́ọ́fíìsì, ó sì dá ọkọ̀ akẹ́rù padà lófìfo. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé pátákó wá: "Ilé àtijọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an ló wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́."

Òjò rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ́ńjìnnì gbẹ fúrúfúrú. Pátákó nìkan ló tutù.