Ọjọ́ Tí A Yí Àjẹ̀ Padà

Èrò ìpàdé ìlú pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì débi pé àwọn ènìyàn gun ojú fèrèsé, síbẹ̀ èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn àlejò iléeṣẹ́ rí ara wa. Ó gbójú sókè níbi tó ti ń gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, ojú wa ṣe mẹ́rin, àyà mi sì gbé sókè bí ọkọ̀ tí ìgbì gbé tí kò tíì sọ kalẹ̀. N kò mọ orúkọ rẹ̀. N kò sì mọ̀ pé fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́ lé wa nílé.

Ọ̀gá rẹ̀ tọ́ka sí fóònù náà. "Kò sí wàhálà bírò lónìí. Ẹ̀rọ inú èyí ń gbọ́, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀." Wọ́n wá ṣàlàyé pé iléeṣẹ́ wọn fẹ́ fi etí òkun wa ṣe èbúté, wọn yóò kọ́lé fún wa nínú igbó, níbi tí omi kò sí. "Ṣé ẹ gbà?"

Ẹnikẹ́ni kò fèsì. Lọ́dọ̀ tiwa, bí àlejò bá tọrọ ohun tí a kò lè fún un, a kì í là á mọ́ ọn lójú lábẹ́ òrùlé wa. Àwọn ọkùnrin kì í fi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ sílẹ̀ létí omi, inú ìpàdé ni wọ́n ń gbé e wá. Wọ́n kàn rọra yí i padà, ẹnu rẹ̀ tó ń wọ omi sókè, ìdí rẹ̀ nílẹ̀. Àjẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ wà lókè kò lè tukọ̀: a ò lọ ibì kankan nìyẹn. Bàbá mi ló kọ́kọ́ yí tirẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, àjẹ̀ ti kún ṣọ́ọ̀ṣì bí igbó.

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ wọn. "Ó dáa. Ẹ ṣeun."

Lọ́sẹ̀ kejì, àkọsílẹ̀ ìpàdé dé orí fóònù Bàbá. Èmi ni mo kà á: Ìlú gbà. Kò sí ẹni tó tako. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá, wọn yóò fọwọ́ síwèé.

Bàbá pè wọ́n títí. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ ni ẹ̀rí, kò sì gbọ́ "rárá" kankan lẹ́nu wa.

"Dùnníolúwa," ni ìyá mi wí, bí wọ́n ti ń sá ẹja, "bí wọ́n bá kó mi lọ sígbó, kí ni kí n máa yan níbẹ̀? Ewé?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Igbokoda. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì wọn ni mo ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ ìpàdé yẹn.

"Ọlábọ̀dé lorúkọ mi," ó sọ, bí ẹni pé mo bi í.

"Ta ló bèèrè? Ẹ̀rọ yín sọ pé a gbà!"

"Kò lójú, arábìnrin. Ohùn nìkan ló mọ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́, á kọ ọ́ pé kò sí àtakò."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ náà fọ́jú?"

Ó wolẹ̀. "Ìwọ ni mò ń wò, àmọ́ mo rí àwọn àjẹ̀ yẹn. Awakọ̀ tó gbé wa padà sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n ní kí n má fi ìtàn awakọ̀ ba iṣẹ́ jẹ́."

"Kọ ọ́ sílẹ̀. Fọwọ́ sí i."

"Wọ́n á lé mi, Dùnníolúwa."

"Ta ló sọ orúkọ mi fún ọ?"

"Awakọ̀ náà ni."

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ti kọjá. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì níbẹ̀, lójú gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń kọjá. Ìtìjú ti tán lára mi. Kò fà mí dìde. Ó wọ yàrá kan, ó tilẹ̀kùn.

Mo dúró. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀gá àti ìró ṣíbí nínú ife tíì. Ìlẹ̀kùn ṣí. Ó gbé bébà kan tó ká pọ̀ dání, yíǹkì wà ní ìka rẹ̀. Gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà ló kọ́ mi pé bí ọkùnrin bá gbé lẹ́tà bọ̀ báyìí, tèmi ni. Òmùgọ̀ èmi, mo nawọ́.

Ó kọjá lára mi. Apá rẹ̀ kan tèmi. Ó ṣí yàrá ìpàdé láìkànkùn. Fóònù náà wà lórí tábìlì, ó ń gbọ́.

"Ọ̀gá," ó pariwo rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè kọ ọ́, "ìlú kọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Ó sì fi lẹ́tà náà lé wọn lọ́wọ́.