Alángbá Tó Bèèrè Eyín Mi

Bọ́lá, inú ṣì ń bí mi, àlá lásán sì ni. Mo lá àlá pé mò ń di ẹrù ilé ẹ̀kọ́ dókítà eyín tí mo máa wọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo ṣe pa àpótí dé báyìí, iwájú olùkọ́ wa ni mo bá ara mi. Alángbá ni. Ó wọ kóòtù funfun, ó ní, "Eyín rẹ tó kọ́kọ́ ká ní kékeré dà? Láìsí i, o ò lè wọlé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti jù ú sórí òrùlé. Wọ́n ní bí alángbá bá rí i, òmíràn ò ní hù."

Ó mi orí, ó yọ eyín mi látinú àpò, ó ní, "Mo rí i."

Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn? Èmi tí mo kàwé títí ojú mi wú, alángbá ni mò ń pè ní sà. Ìjà ni mò ń bá a jà tí mo fi jí. Mo fi ahọ́n tọ́ eyín mi wò, wọ́n pé. Ṣùgbọ́n alángbá kan wà lójú fèrèsé tó ń mi orí sí mi. Bọ́lá, mo yára pa ẹnu mi dé.