Láàbù Kò Gbọdọ̀ Wà ní Títì

Nígbà tí olùkọ́ kẹ́mísírì ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò níléèwé, Ìyá Ṣọ́ọ̀kì nìkan ló dágbére fún. Obìnrin náà ló kọ́ olùkọ́ kẹ́mísírì yìí ní ìtàn nígbà èwe. Ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kì í kúrò lọ́wọ́ obìnrin náà, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà fẹ́ san ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù mi. Wọ́n ní ọ̀run lèrè olùkọ́ wà, ṣùgbọ́n ayé níbí ni onílé ti ń kanlẹ̀kùn mi."

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Olùkọ́ karùn-ún tó máa lọ lọ́dún náà nìyí, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó wá rọ́pò wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é.

"Ìdánwò ti dé tán. Láàbù kò gbọdọ̀ wà ní títì. Ẹ bá wa mú kíláàsì kẹ́mísírì, mà."

"Ìtàn ni mo ń kọ́, sà! Mi ò mọ ásíìdì yàtọ̀ sómi."

"Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ẹ ṣáà máa kà á fún wọn."

Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, àmọ́ ó gbà. Bí òun náà bá kọ̀, ta ló kù?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọgọ́ta ọmọ há sínú yàrá tí wọ́n kọ́ fún ogún. Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ń kàwé sókè, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú ìwé, kó má baà ṣì í kà. Ó gbọ́ "ṣíì" lẹ́yìn, bí ìgbà tí omi ta sínú epo gbígbóná. Igbe ló tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà ló da omi sórí ásíìdì; ó hó, ó ta sí i lójú àti lọ́rùn.

Ní ọsibítù, káfíńtà náà kò pariwo. Àìpariwo rẹ̀ gan-an ló já Ìyá Ṣọ́ọ̀kì láyà.

"Ta ló ń kọ́ wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé iṣẹ́ yín nìyẹn?"



Nírọ̀lẹ́, olùkọ́ kẹ́mísírì sáré dé tòun taṣọ iṣẹ́ tí ọ̀dà ti bàjẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbólóhùn kan péré ni mo máa ń kọ sójú pátákó, mà: ásíìdì là ń dà sómi, a kì í da omi sí ásíìdì."

"Tí wọ́n bá fi kún owó oṣù rẹ níléèwé, ṣé wàá padà?"

"Lọ́la gan-an, mà."

Ìyá Ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, kò fi ẹ̀bi tirẹ̀ pa mọ́, ó sì ní kí wọ́n fi kún owó oṣù olùkọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì dé: wọ́n bá ẹbí ọmọ náà kẹ́dùn, kò sówó àfikún, kí ẹ̀kọ́ láàbù bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà gan-an. Báńdéèjì ṣì wà lójú òsì ọmọ náà.

Bí Ìyá Ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ka èsì náà lọ́wọ́, olùkọ́ ìṣirò yọ́ wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ilé iṣẹ́ ọ̀dà yẹn, ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn?"

"Wọ́n ń gbà," ni Ìyá Ṣọ́ọ̀kì wí.

Ó bojú wo ìta láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ ti tò sẹ́nu ọ̀nà láàbù, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń retí ẹni tó máa kọ́ wọn.