Ilé Ni Mo Rà

Ẹ bá mi wò ó o. Ẹni tó ti sanwó ilé tán, tí ìwé àdéhùn wà nínú báàgì rẹ̀, ni wọ́n wá ń dá owó padà fún bí ẹni tó wá ra gààrí tí gààrí ti tán. Ṣé ẹ̀yin lè gbà? Àlàájà Ràmọ́tà ò gbà.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ta abọ́, ìkòkò àti kúlà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé Ògúnsànyà n'Ìjẹ̀bú-Òde. Ìdí ọjà yẹn ló ti rán ọmọ mẹ́ta níwèé, ibẹ̀ náà ló jókòó sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí àwọn oníbàárà ń wá kí i. Nítorí náà, nígbà tí Albert Ògúnsànyà, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí baba onílé bí, sọ pé òun fẹ́ ta ilé náà látòkè délẹ̀, obìnrin yìí ò fi ṣeré. Ó ta ilẹ̀ tó ní n'Ìjagun, ó kó gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ lé e, ó san án pátá. Albert fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ó ku kó fọwọ́ sí ìwé ńlá tí ìjọba máa ń lu òǹtẹ̀ sí, kó sì kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.

Ló bá di òní, ló bá di ọ̀la. Kò pẹ́ ni Ràmọ́tà gbọ́ pé ẹnìkan ti ti Èkó wá, ó sì ti dá iye tó ju tòun lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, bó ṣe ń tìrun bọ̀, fóònù rẹ̀ dún: Albert ti dá owó rẹ̀ padà sí báǹkì.

Haneef, àkọ́bí rẹ̀, ní, "Màmi, ẹ gba owó yín, ẹ jẹ́ ká wá ibòmíràn. Àwọn àgbà ló sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Ta ló fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́?" ni Ràmọ́tà dáhùn. "Ilé ni mo rà. N ò yá a lówó tí yóò fi máa san án padà fún mi."

Ó gba ọ̀dọ̀ Ikhlas lọ, lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò kéré rárá. Ó ní àwọn ò ní béèrè owó ìtanràn. Ohun tí àwọn máa bẹ kóòtù fún ni kí wọ́n pàṣẹ fún Albert kó parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ síwèé, kó sì kó ilé sílẹ̀ fún ẹni tó rà á.

Ìgbà tí èsì Albert dé ni ọ̀rọ̀ wá le gan-an. Ó ní ilé ẹbí ni, òun nìkan ò lágbára láti tà á. Ó ní Mọ́ṣádé, ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, ni àkọ́bí àti olórí ẹbí, kò sì tẹ̀ka síwèé kankan. Ó tún fi kún un pé Ràmọ́tà ò gbé ọtí wá, kò sì síbi tí wọ́n ti ń ta ilé ẹbí láìta ọtí sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ èyí o!" Ràmọ́tà pàtẹ́wọ́. "Èmi tí mo ti lọ Mẹ́kà, kí n wá gbé ọtí lérí la ìgboro kọjá? Orógbó, obì àti oyin ni mo gbé lọ. Albert tó ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an ló lá oyin jù!"

"Ọ̀rọ̀ ọtí ò dùn mí, Màmá," ni Ikhlas wí. "Ìka ìyá yẹn ló ń dùn mí. Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé orógbó lọ?"

"Àwọn ló gba orógbó lọ́wọ́ mi. Àwọn náà ló ṣàdúrà fún mi."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka?"

Ràmọ́tà bojú wo báàgì rẹ̀. Ìńkì wà nínú báàgì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò gbàgbé rẹ̀ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún gbọ́wọ́ lé ẹ lórí, ó ní wàá pẹ́ nínú ẹ̀, wàá kó ọmọ àtọmọọmọ jọ síbẹ̀. Kó o wá fa ìńkì yọ pé kó tẹ̀ka, bí ẹni pé o ò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́? Ojú tì í. Ó rọra ti ìńkì wọ ìsàlẹ̀ báàgì, ó dúpẹ́, ó lọ sílé. Ìwà ọmọlúwàbí ló hù, ìwà ọmọlúwàbí ọ̀hún ló sì fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀. Lónìí adájọ́ ò wá, lọ́la iná ò sí, lọ́tùn-únla ara lọ́yà Albert ò yá. Nígbẹ̀yìn, Albert fi mọ́tò ara rẹ̀ gbé Mọ́ṣádé wá láti Ayépé, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ Mojí ọmọ rẹ̀, kó wá jẹ́rìí. Ó di ìyá náà lọ́wọ́ mú wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rù ba Ràmọ́tà dé inú eegun. Ẹnu arúgbó yìí nìkan ló kù tí ilé rẹ̀ fi máa dúró tàbí kó lọ.

Lọ́yà Albert dìde. "Ìyá, ṣé ẹ fọwọ́ síwèé kankan?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ta ọtí sílẹ̀?"

"Kò sọ́tí."

Ọkùnrin náà jókòó bí ẹni tó ti yó. Ikhlas dìde, ó tẹrí ba fún ìyá náà díẹ̀.

"Ìyá, ṣé wọ́n gbé orógbó wá?"

"Wọ́n gbé e wá."

"Ta ló gbà á?"

Mọ́ṣádé wo ọ̀dọ̀ Albert. Albert wúkọ́.

"Èmi ni."

"Lẹ́yìn tí ẹ gbà á ńkọ́?"

"Mo ṣàdúrà fún un. Mo ní ilé á tù ú lára."

Adájọ́ fúnra rẹ̀ gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ńṣe ni àbúrò yín ń ta ilé yìí?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì gbà?"

Arúgbó náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti gba orógbó, Adájọ́. Kí ló tún kù?"

Kí wọ́n tó jáde tán, mọ́tò Albert ti lọ. Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi níwájú kóòtù. Ràmọ́tà pe kẹ̀kẹ́, ó ní kó gbé àwọn méjèèjì lọ sí Ayépé. Wọn ò tíì jìnnà tó bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́: "Ìyá, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Ẹ ẹ̀ ní..."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ni Mọ́ṣádé wí. Kò bínú, ó kàn sọ ọ́. "Ẹnìkan ò bi mí léèrè. Ìgbà tó o ti ń bọ̀ lọ́nà ni Albert tó sọ fún mi pé òun ti ta ilé tí wọ́n bí mi sí. Ká tó wí, ká tó fọ̀, o ti wọlé, o kúnlẹ̀, o gbé àwo orógbó dání. Kí ni kí n ṣe? Kí n lé àlejò?"

Ràmọ́tà yíjú sí i. "Ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Adájọ́, Ìyá. Ilé ì bá padà sọ́wọ́ yín."

"Ọwọ́ Albert ni ì bá padà sí, kó tún lọ tà á fún ará Èkó. Ìwọ náà ò ṣẹ̀ mí. Àti pé ẹnu tí mo fi súre fún ẹ, ṣé òun náà ni n ó fi sọ pé n ò súre?"

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Ràmọ́tà ò ti lélẹ̀. Ó ń ta abọ́, ó ń gbé ìdérí ìkòkò kan lé òmíràn. Ó tiẹ̀ lọ bi Ikhlas bóyá èèyàn lè fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Lọ́yà náà wò ó lójú, ó ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá fà á sẹ́yìn, ará Èkó yẹn á ra ilé náà, á sì wó o kí oṣù méjì tó pé. Ta lẹ ṣe lóore nígbà náà?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, adájọ́ dájọ́. Ó ní olórí ẹbí mọ̀ sí i, ó gba orógbó, ó sì súre, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọtí ló ń ta ilé. Kí Ràmọ́tà dá owó náà padà fún Albert, kí Albert náà fọwọ́ síwèé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Tí kò bá ṣe é, kí akọ̀wé kóòtù bá a ṣe é. Albert kọ̀, akọ̀wé fọwọ́ sí i. Òṣìṣẹ́ kóòtù ló kó kọ́kọ́rọ́ lé Ràmọ́tà lọ́wọ́. Haneef ń fò, ó ń pariwo alhamdulilai. Ìyá rẹ̀ náà sọ alhamdulilai, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ayépé.

Ẹ̀gúsí ni Mọ́ṣádé ń bó lórí ẹní níwájú ilé Mojí. Ràmọ́tà kúnlẹ̀, ó kó àwọn kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ti kó o fún mi. Mo ní kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Arúgbó náà nuwọ́. Ó tú kọ́kọ́rọ́ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan kékeré kan tó ti dúdú.

"Èyí ni ti yàrá ẹ̀yìn lókè. Ó máa ń há. Tó o bá ti kì í bọ ihò, rọra gbé ilẹ̀kùn sókè kó o tó yí i. Bàbá mi ló fi hàn mí." Ó gbójú sókè. "Sọ ọ́ kí n gbọ́, kó o má baà fọ́ ọ."

"Kí n rọra gbé ilẹ̀kùn sókè," ni Ràmọ́tà wí, "kí n tó yí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó kó kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé mọ́ ọn. Gbogbo oṣù mẹ́rìnlá tí Ràmọ́tà fi ṣẹjọ́, omi ò bọ́ lójú rẹ̀. Orí ẹní yẹn ló ti wá sunkún bí ọmọdé, Mọ́ṣádé sì ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.